Kí nǹkan oṣù tó dúró pátápátá: ọdún ìyípadà lára obìnrin

Ọdún ìyípadà tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí ni ìgbà tí nǹkan oṣù obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, títí di ìgbà tí yóò fi pé oṣù 12 gbáko tí kò tún rí i mọ́. Àwọn oníṣègùn tó ń lo èdè Faransé ń pè é ní périménopause. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí obìnrin bá ti lé ní ọdún 40, pàápàá nígbà tó bá ń lọ sí ọdún 45 sókè. Ó máa ń gba nǹkan bí ọdún 4. Ti ẹlòmíràn kì í tó bẹ́ẹ̀, ti ẹlòmíràn sì lè gùn tó ọdún 8 tàbí 10. Kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n ó lè fìyà jẹ ènìyàn bí àìsàn, àìsàn gidi sì lè fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má tètè fura.

Orúkọ rẹ̀ lẹ́nu wa

Èdè wa ní ọ̀rọ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin balágà, ó rí nǹkan oṣù, ó ń ṣe àṣẹ́. A ní ọ̀rọ̀ fún òpin pẹ̀lú: nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, ó ti kọjá ọmọ bíbí, ó ti di ìyá àgbà. Àárín ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́n wa. Nígbà tí mo bi àwọn ìyá mẹ́ta ní agbolé wa pé kí ni wọ́n ń pe àwọn ọdún tó ṣáájú kí ó tó dúró, ọ̀kan ní “ara ń gbóná”, èkejì ní “ibà”, ẹ̀kẹta rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé èmi náà ti ń dàgbà ni. Bí obìnrin bá sì sọ pé “nǹkan oṣù kò wá”, oyún ni gbogbo ilé kọ́kọ́ máa ń rò, ìbáà jẹ́ pé ó ti di ìyá àgbà fún ọmọ ọmọ mẹ́rin.

Àwọn Faransé náà kò tètè ní ọ̀rọ̀ fún un. Dókítà kan tí ń jẹ́ Charles de Gardanne ló gbé ọ̀rọ̀ ménopause jáde nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1821. Âge critique ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wí nígbà náà, ọjọ́ orí tó léwu. Àwọn mìíràn ń wí retour d'âge. Périménopause pẹ́ jù ú lọ dáadáa kí ó tó dé. Nítorí náà, a kò pẹ́ jù láti wá ọ̀rọ̀ tiwa. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, “ọdún ìyípadà” ni mo ń lò, títí tí a ó fi rí èyí tó dára jù ú lọ.

Àwọn ìyá wa, àti ìṣirò oṣù

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ló kan ẹgbẹ́ àṣà nínú ọ̀rọ̀ ìlera. Ó kàn wá púpọ̀. Ẹni tó bá dàgbà ní Kétu mọ̀ pé nígbà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde, ọkùnrin ló ń gbé ère sórí, ṣùgbọ́n àwọn ìyá ni a ń jó fún. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001, ó sì wọ inú ìwé àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2008 ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ohun tí àwọn àjèjì kì í sábà rí ni pé “àwọn ìyá wa” tí a ń tù lójú nínú orin wọ̀nyẹn, àgbà obìnrin ni a ń tọ́ka sí jù lọ, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti dúró sínú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ọ̀pọ̀ ojúbọ. Obìnrin tó wà nínú àṣẹ́ kì í wọlé. Nígbà tí àṣẹ́ bá ti lọ, èèwọ̀ yẹn kúrò lọ́rùn rẹ̀, ọ̀nà oyè àti iṣẹ́ ojúbọ sì lè ṣí fún un.

Níbí ni ọdún ìyípadà ti máa ń dá ènìyàn lójú tì. Obìnrin ọdún 48 tí kò rí nǹkan oṣù fún oṣù 7 lè gbà pé ó ti parí. Ó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn àgbà, kí wọ́n sì gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ní oṣù kẹjọ, ẹ̀jẹ̀ tún dé. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọdún ìyípadà ṣe ń ṣe, wọn á ní ó purọ́, tàbí pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́. Kò purọ́ rárá. Kò sí oníṣègùn tó lè wo nǹkan oṣù kan lójú kí ó sọ pé èyí ni ó kẹ́yìn. Ẹ̀yìn oṣù 12 ni a tó máa ń mọ̀. N kò ní ẹnu láti kọ́ àwọn olójúbọ ní ìlànà wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òǹkà oṣù 12 yẹn lè gba obìnrin kan lọ́wọ́ ìtìjú, ó sì yẹ kí àwọn tó ń yan ènìyàn sípò mọ̀ ọ́n.

Ìṣòro kejì le ju èyí lọ. Oorun máa ń dá mọ́ obìnrin lójú ní àwọn ọdún wọ̀nyí. Òógùn á bo gbogbo ara rẹ̀ ní agogo méjì òru, á dìde, á jáde lọ jókòó sí àgbàlá kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Láàárín àwa tí a mọ ohun tí ilé ayé ń sọ nípa obìnrin tó ń jáde lóru, kì í pẹ́ kí orúkọ kan tó lẹ̀ mọ́ ọn. Àbúrò ìyá mi kan ṣe èyí fún bí ọdún méjì. Ìyàwó ọmọ ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ rẹ̀, lẹ́yìn náà wọn kò jẹ́ kí ó gbé ọmọ tuntun mọ́. Òógùn ló ń lé e jáde, kì í ṣe ẹyẹ. Kò sí ẹni tó sọ fún un, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ ohun tí ì bá wí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Gbogbo ẹyin tí obìnrin yóò lò láyé, láti inú ìyá rẹ̀ ló ti kó wọn wá. Nígbà tí a bí i, wọ́n tó mílíọ̀nù 1 sí 2. Nígbà tó bá balágà, ó ti ku nǹkan bí 300,000 sí 400,000. Ó dà bí àká àgbàdo tí a kì í kó tuntun sí. À ń bù níbẹ̀ lóṣooṣù, kòkòrò sì ń jẹ níbẹ̀ pẹ̀lú, títí tí yóò fi ku díẹ̀ nísàlẹ̀.

Àpò tí ẹyin ń gbé yìí ni ó ń pèsè họ́mọ́ònù méjì tó ń darí nǹkan oṣù. Œstrogène ló ń mú kí ara inú ilé-ọmọ nípọn. Progestérone, tó ń jáde lẹ́yìn tí ẹyin bá ti bọ́, ló ń mú kí ó dúró létòlétò kí ó tó wálẹ̀. Nígbà tí ẹyin bá ti ń tán lọ, oṣù kan á wà tí ẹyin kò ní bọ́. Progestérone kò ní sí lóṣù náà, ara inú ilé-ọmọ á máa nípọn lọ, nígbà tó bá sì wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé œstrogène ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iná mànàmáná wa ló ṣe ń ṣe: á lọ, á dé, á tún dé pẹ̀lú agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ó tó wá lọ pátápátá. Ìdí nìyí tí ọmú fi lè máa ro obìnrin lọ́sẹ̀ yìí, tí ooru á sì máa mú un lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Àwọn oníṣègùn pín in sí ìpele méjì. Ní àkọ́kọ́, iye ọjọ́ tó wà láàárín nǹkan oṣù kan sí èkejì á máa yí padà, pẹ̀lú ìyàtọ̀ ọjọ́ 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sábà máa ń kúrú. Ní ìpele kejì, ọjọ́ 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè kọjá láìrí i. Ìpele kejì yìí ni ooru ti máa ń pọ̀ jù.

Ooru náà wá láti inú ọpọlọ. Ibì kan wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ bí ara ṣe gbóná sí. Nígbà tí œstrogène bá ń ṣe ségesège, ibẹ̀ kì í lè fara da ìyípadà kékeré mọ́. Bí ara bá gbóná díẹ̀, á rò pé iná ti ràn, á sì ṣí gbogbo fèrèsé: ẹ̀jẹ̀ á sáré wá sí ojú àti àyà, àyà á máa lù kìkì, òógùn á dà, òtútù á sì tẹ̀ lé e. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Yàtọ̀ sí ooru, oríkèé lè máa ro obìnrin, ó lè máa gbàgbé ọ̀rọ̀, ojú ara lè gbẹ kí ìbálòpọ̀ máa dùn ún, ìtọ̀ lè máa gbọ̀n ọ́n lọ́pọ̀ ìgbà. Inú lè máa bí i, tàbí kí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti mú rí, bóyá lẹ́yìn ìbímọ, ni ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ jù. Àwọn kan sì wà tí wọn kò rí nǹkankan nínú gbogbo èyí. Nǹkan oṣù wọn kàn dúró, wọ́n sì ń bá ọjà wọn lọ.

Ibà tí kì í ṣe ibà

Ara gbígbóná, òógùn, òtútù, orí fífọ́, àárẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí a bá ka àwọn wọ̀nyí fún láàárín Àjàṣẹ́ àti Sábẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni yóò wí: palu. Obìnrin á ra oògùn ibà, á mu àgbo, ara á fúyẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí pé ooru náà fúnra rẹ̀ máa ń lọ máa ń bọ̀, gbogbo ènìyàn á sì gbà pé oògùn ló ṣiṣẹ́. Lóṣù tó ń bọ̀, á tún rà. Owó ń lọ, ara kò sì sinmi.

Ọ̀nà láti mọ ìyàtọ̀ kò le. Ooru ọdún ìyípadà kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, bí a bá sì fi tẹ̀mómítà sí abíyá, kì í fi ibà hàn. Ibà gidi máa ń gbé ara sókè tó 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í lọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí i sódì o. Ibà ń pa ènìyàn lọ́dọ̀ wa lójoojúmọ́, obìnrin ọdún 47 lè ní ooru ọdún ìyípadà kí ó sì tún ní palu. Àyẹ̀wò kíákíá tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún ìka ṣe ni kí a ṣe kí a tó ra oògùn. Àìtó ẹ̀jẹ̀ lára àti àìsàn tó so mọ́ gẹ̀gẹ̀ náà lè mú irú àárẹ̀ àti àyà lílù bẹ́ẹ̀ wá, agbẹ̀bí tàbí dókítà sì lè yẹ̀ wọ́n wò.

Ìwádìí ńlá kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1990 sí 2000, tí wọ́n ń pè ní SWAN, tẹ̀ lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú rẹ̀, ìdajì àwọn obìnrin tí ooru ń mú lemọ́lemọ́ ló fara dà á ju ọdún 7 lọ. Láàárín àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó ju ọdún 10 lọ. Àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ni wọ́n o, ìgbésí ayé wọn kò sì bá tiwa dọ́gba. Síbẹ̀, ó tó láti mọ̀ pé ohun tí à ń pè ní “yóò kọjá láìpẹ́” lè pẹ́ gan-an.

Bí a ṣe lè tọ́jú rẹ̀

Kálẹ́ńdà ni àkọ́kọ́, tèmi ni pé òun ló ṣe pàtàkì jù. Kí obìnrin máa sàmì sí ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dé àti ọjọ́ tó lọ, bóyá ó pọ̀ tàbí ó kéré, àti òru tí oorun kò wá. Kálẹ́ńdà ara ògiri tó, fóònù náà tó. Ẹni tó bá ti lé ní ọdún 45 kò sábà nílò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti mọ̀ pé òun wà nínú ọdún ìyípadà, nítorí họ́mọ́ònù tó lọ sókè lónìí lè wálẹ̀ lọ́la. Àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́fà á sọ ju èsì àyẹ̀wò kan ṣoṣo lọ. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 40 tí nǹkan oṣù rẹ̀ sì ti ń dúró, àyẹ̀wò tọ́ sí i, kí ó má sì fi falẹ̀.

Fún ooru, aṣọ òwú dára ju ọ̀rá lọ, kí ìborùn tàbí ìró òkè sì jẹ́ èyí tó rọrùn láti bọ́. Omi tútù àti abẹ̀bẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn. Ata tó pọ̀, kọfí àti sódábì máa ń ta ooru náà jí lára ọ̀pọ̀ obìnrin. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti sọ fún ará Àjàṣẹ́ pé kí ó dín ata kù. Kí ó kọ́kọ́ dín sódábì kù.

Oúnjẹ: ẹ̀jẹ̀ tó ń pọ̀ lóṣooṣù ń kó irin kúrò lára, nítorí náà ẹ̀wà, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀fọ́ kò gbọdọ̀ wọ́n nínú ìkòkò. Eegun máa ń yára rọ nígbà tí œstrogène bá lọ. Wàgàsì tí àwọn Fúlàní ń tà lójú ọ̀nà Sábẹ̀, àti ẹja kéékèèké tí à ń jẹ teegunteegun, wà lára ohun tó ń fún eegun lókun, àti ìrìn rínrìn pẹ̀lú. Obìnrin tó ń fi ẹsẹ̀ lọ oko tàbí ọjà kò nílò ìmọ̀ràn lórí èyí. Àwa tí à ń jókòó sí ọ́fíìsì ló nílò rẹ̀.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ á fẹ́ kí n kọ àgbo síbí. N kò kọ ọ́, kì í ṣe pé mo kẹ́gàn ewé. A kò tíì kọ ìwọ̀n wọn sílẹ̀ dáadáa, ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ kò sì gbọdọ̀ kàn da ewé pọ̀ mọ́ ọn. Èyí tí mo lè sọ láìbẹ̀rù ni pé kí a má ṣe fi ọṣẹ, ewé tàbí omi kíkan fọ inú ojú ara. Ó ń mú kí ó túbọ̀ gbẹ, àrùn á sì ráyè wọlé. Ọ̀rá olómi tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn fún ìbálòpọ̀ wà, ìpara œstrogène tí dókítà ń kọ náà sì wà.

Ìtọ́jú họ́mọ́ònù ni ó ń dín ooru kù jù. Ní ọdún 2002, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní WHI dá apá kan dúró nítorí pé jẹjẹrẹ ọmú pọ̀ díẹ̀ láàárín àwọn tó ń lo họ́mọ́ònù méjèèjì pọ̀, ìbẹ̀rù sì bo gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin ìwádìí náà ti lé ní ọdún 60. Èrò àwọn oníṣègùn lónìí ni pé fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 60, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì dúró ju ọdún 10 lọ, àǹfààní rẹ̀ sábà máa ń ju ewu lọ. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan rẹ̀ rí, kì í sábà lò ó. Ẹni tó bá ní ilé-ọmọ gbọ́dọ̀ lo progestérone mọ́ œstrogène, nítorí œstrogène nìkan lè fa jẹjẹrẹ ilé-ọmọ. Kì í ṣe oògùn tí a ń rà lọ́wọ́ alátẹ. Fún ẹni tí kò lè lò ó, àwọn oògùn mìíràn tí kì í ṣe họ́mọ́ònù wà tí dókítà lè fún un.

Oyún ṣì lè dé. Ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ ní àgbolé: àbíkẹ́yìn tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jù ú lọ. Ìmọ̀ràn tó wà ni pé kí ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ dúró lẹ́yìn ọdún 50 máa fètò sí ọmọ bíbí fún ọdún 1 sí i. Bí ó bá dúró ṣáájú ọdún 50, kí ó jẹ́ ọdún 2. Ìgbàgbọ́ kan sì wà pé obìnrin tó bá ń sún mọ́ ọkọ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró, ikùn rẹ̀ á wú, àìsàn á wọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ikùn tó bá wú ní ọjọ́ orí yẹn, ohun mìíràn ló fà á, dókítà ni kí a fi hàn.

Ìgbà tí kò yẹ kí a dúró nílé

Kí obìnrin lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹ̀jẹ̀ bá ń rin páàdì gbingbin ní wákàtí kan, tó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan; bí nǹkan oṣù bá ju ọjọ́ 7 lọ lọ́pọ̀ ìgbà; bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lẹ́yìn ìbálòpọ̀ tàbí láàárín nǹkan oṣù méjì. Ìju ló sábà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ó sì wọ́pọ̀ gan-an lára obìnrin aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ náà lè bẹ̀rẹ̀ báyìí, àyẹ̀wò nìkan ló lè pín wọn níyà.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá sì tún dé lẹ́yìn tí oṣù 12 ti pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán méjì péré, kì í ṣe nǹkan oṣù mọ́. Àwọn ìyá kan máa ń yọ̀ sí i, wọ́n á ní èwe wọn ló padà. Kí wọ́n wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ náà. Lára ọ̀pọ̀ wọn, kì í ṣe ohun ńlá. Lára díẹ̀, jẹjẹrẹ ilé-ọmọ ni, èyí tó ṣeé tọ́jú dáadáa bí a bá tètè rí i.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tí àwọn ìyá yín ní Sábẹ̀, Ìdáàṣà, Pobè, Sákété tàbí lọ́dọ̀ àwọn Ìfẹ̀ Àtàkpàmé fi ń pe àwọn ọdún wọ̀nyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa bí wọ́n ṣe pè é gan-an, pẹ̀lú orúkọ ìlú tí ẹ ti gbọ́ ọ. A ó fi kún àkọsílẹ̀ yìí.